Mọ́dábọ́ọ̀dù Tó Mọ̀ Ọ́n Dákẹ́

Bí aago mọ́kànlá bá lù lálẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì sinmi, ìgbà náà ni iṣẹ́ tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn ni mò ń gé, òun náà ni mò ń tò: ewì fún rédíò, ìpolówó ọjà, nígbà mìíràn àlọ́ fún àwọn ọmọdé. Tí mo bá ti fi hẹ́dífóònù sétí, mi ò ní tíì pe ohùn akéwì kankan jáde. Mo máa kọ́kọ́ yí fọ́lúùmù lọ sókè dé òpin, kí n jókòó, kí n gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń sọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Bí ó bá ń ṣe "ṣììì" bí epo tó ti ń gbóná nínú agbada, ó ti tú àṣírí ara rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ rọ́rọ́ bí inú kànga lóru, ara mi á balẹ̀, iṣẹ́ á sì yá. Mọ́dábọ́ọ̀dù tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ báyìí ni mo fẹ́ yìn, kí n sì sọ bí a ṣe ń dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìyá sínú orúkọ pátákó náà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Nínú agbo dùndún, ìlù tó ń darí àwọn yòókù ni à ń pè ní ìyáàlù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mọ́dábọ́ọ̀dù rí. Pírósẹ́sọ̀ ń ṣe ìṣirò, RAM ń rántí, hard disk ń tọ́jú ẹrù, àmọ́ ara ìyá ni gbogbo wọn so mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni pírósẹ́sọ̀ àti RAM ti ń gba iná jẹ, òun náà ló sì ń jíṣẹ́ láàárín gbogbo wọn. Ní Otigba, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, wọn kì í fi gígùn orúkọ náà da ara wọn láàmú. "Bọ́ọ̀dù" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ gbé ọ̀kan lé itan kí ẹ wò ó. Èyí tí wọ́n ń pè ní ATX, tí Intel gbé ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ ní 1995, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.5 sí 24.4, ó fi díẹ̀ ju ojú ìwé A4 lọ. Àbúrò rẹ̀, microATX, jẹ́ 24.4 níhà méjèèjì. Láyé àtijọ́, àwọ̀ ewé ló wọ́pọ̀ lára wọn. Lónìí, dúdú ni púpọ̀ wọn. Lórí ilẹ̀ dúdú yẹn ni àwọn ìlà bàbà wà, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn. Wọ́n jọ ń rìn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n jọ ń yà, kò sí èyí tó kọlu èkejì, títí gbogbo wọn fi pàdé lábẹ́ pírósẹ́sọ̀. Ẹni tó bá ti rí bí onídìrí ṣe ń kó irun láti ìpàkọ́, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ etí lọ sí àárín orí nígbà tó bá ń di ṣùkú, á mọ irú ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí.

Igun kan wà tí ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀dù náà dúró, tí àwọn ihò tí à ń ki wáyà bọ̀ wà lápá òsì, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì yẹn. Ibẹ̀ ni ilé ìró wà. Àwọn ihò roboto tó wà níbẹ̀ ní àwọ̀ tí ìlànà PC 99 ti Microsoft àti Intel yàn fún wọn: aláwọ̀ ewé fún sípíkà àti hẹ́dífóònù, píǹkì fún máìkì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìró tó ń ti ara ẹ̀rọ mìíràn wọlé. Lẹ́yìn wọn, ṣíìpù dúdú kan wà tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ẹ tan iná fóònù sí i, ẹ sì lè rí akàn kékeré kan lórí rẹ̀. Akàn yẹn ni àmì Realtek, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Taiwan ní 1987, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lórí àwọn bọ́ọ̀dù tí ó gba ọwọ́ mi kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ nọ́ńbà di ìró. Orin inú CD, bí àpẹẹrẹ, kò ju nọ́ńbà lọ: 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Akàn ló ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń sọ wọ́n di iná tó ń gbọ̀n, kí sípíkà tó sọ ọ́ di ohùn èèyàn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá ki káàdì ìró bọ inú rẹ̀, "píì" lásán ni ẹnu rẹ̀ mọ. Sound Blaster ti ilé iṣẹ́ Creative, èyí tí Sim Wong Hoo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Singapore, ló jáde ní 1989 tó sì kọ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní orin. Ní 1997, Intel gbé ìlànà AC'97 kalẹ̀, ilé ìró sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ní 2004, High Definition Audio rọ́pò rẹ̀, ó lè gbé ìró tó 192 kHz ní bit 32, lójú ọ̀nà mẹ́jọ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ra káàdì ọ̀tọ̀ mọ́.

Akàn ju akàn lọ, ṣá. Orúkọ wọn ni ALC àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. ALC892 àti ALC897 tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kò dé 100 decibel nínú ìwọ̀n tó ń sọ bí ìró ṣe jìnnà sí ariwo tó. ALC1150 dé 115. ALC1220 dé 120. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn, nítorí gbogbo 20 decibel tó bá lé sí i jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Bí gíga ìgbì ìró tó le jù bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, 120 decibel túmọ̀ sí pé ariwo abẹ́lẹ̀ kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti ṣíìpù nìkan nìyẹn. Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Lórí bọ́ọ̀dù kan náà ni pírósẹ́sọ̀ ti ń tan iná tó sì ń pa á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí graphics card ń fa iná bí ẹni ń fa ọtí. Bí wọ́n bá fi ilé ìró sáàárín ariwo bẹ́ẹ̀ láì fi nǹkan kan là wọ́n, ALC1220 pàápàá á máa sín. Ìdí nìyí tí bọ́ọ̀dù méjì tó ní akàn kan náà kì í fi í dún bákan náà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń pa àlà. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù gidi sókè kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tó yí igun ìró ká láti ẹ̀yìn dé ìsàlẹ̀. Kò sí bàbà níbẹ̀ rárá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ní òfìfo, bí àlà oko tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbin nǹkan sí, kí iná ẹlẹ́gbin láti òdìkejì má baà rá wọlé. Lórí àwọn kan, ìró etí ọ̀tún gba ìpele kan nínú bọ́ọ̀dù, ti òsì gba ìpele mìíràn, kí wọ́n má baà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tó wà lára bọ́ọ̀dù, àlà yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Nínú àlà náà ni ẹ ó ti rí àwọn kapásítọ̀ aláwọ̀ wúrà, roboto bí agolo tòmátò kékeré, tí àwọn ilé iṣẹ́ Japan bíi Nichicon àti Nippon Chemi-Con ń ṣe. Ìyá ni wúrà, baba ni jígí. Ó jọ pé àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù gbọ́ òwe yìí, torí wọ́n fẹ́ràn kí wúrà yẹn hàn kedere. Àwọ̀ lásán kò sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ àmù ni kapásítọ̀ ń ṣe nínú ilé: bí omi bá ń wá lọ́pọ̀, bí kò wá, ẹni tó ń bu omi mu nínú àmù kò ní mọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ akàn dúró sójú kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bọ́ọ̀dù tó dáa máa ń ní amúgbòòrò ìró fún hẹ́dífóònù. NE5532, tó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1970, ṣì wà lórí àwọn kan. Íapíìsì fóònù, tí ìdènà rẹ̀ kì í sábà ju 32 ohm lọ, lè má nílò rẹ̀. Hẹ́dífóònù iṣẹ́ tó ní 250 tàbí 300 ohm, bí kò bá sí amúgbòòrò yìí, ńṣe ni yóò máa kùn bí aláàárẹ̀.

Mo ti jìyà àìmọ̀ rí. Bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ lò, gbogbo ìgbà tí mo bá ti sún máòsì ló ń ha "kíríkírí" sí mi létí. Mo pààrọ̀ hẹ́dífóònù, mo pààrọ̀ sípíkà, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ẹnjiníà kan ló tú ikùn kọ̀ǹpútà náà tó nawọ́ sí wáyà ihò iwájú. Wáyà yẹn máa ń lọ sí etí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, níbi tí irin kéékèèké mẹ́sàn-án tò sí ìlà méjì, tí àyè kan láàárín wọn ṣófo: AAFP ni ASUS kọ sí i, F_AUDIO ni ti Gigabyte, JAUD1 ni ti MSI. Tèmi gba abẹ́ graphics card kọjá, ó sì ń kó gbogbo ariwo rẹ̀ bọ̀. Ọjọ́ tí mo ki hẹ́dífóònù bọ ihò ẹ̀yìn ni mo tó gbọ́ ìdákẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bọ́ọ̀dù ọ̀hún kú. Nígbà tí a ṣí i, orí àwọn kapásítọ̀ ẹ̀gbẹ́ pírósẹ́sọ̀ ti wú bí àkàrà, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú sì ti ṣàn lẹ́sẹ̀ wọn. Àrùn tó jà káàkiri ayé láti nǹkan bí 1999 títí di àárín àwọn ọdún 2000 nìyẹn: omi inú àwọn kapásítọ̀ ìgbà náà kò dára, ó ń bà jẹ́ láti inú. Àwọn bọ́ọ̀dù òde òní ti ń lo èyí tí kò ní omi nínú ní ẹ̀gbẹ́ pírósẹ́sọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ tó ti dàgbà, kí ó wo orí agolo kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n tí mo dì mú di òní: ohun tó ń mú bọ́ọ̀dù dákẹ́ àti ohun tó ń mú un pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Iná tó dúró sójú kan ni. Kí n tó bèèrè orúkọ akàn, mo máa ń wo àyíká pírósẹ́sọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pín iná: ṣé irin tó nípọn bò wọ́n láti fa ooru, àbí wọ́n wà ní ìhòòhò? Èyí ṣe pàtàkì fún wa níhìn-ín, níbi tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀dù tó dáa jù lọ kò lè gbà wá lọ́wọ́ páwà páàkì burúkú, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí wọn ò ri irin áàtì rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa lè máa fi "kùùùn" ti iná 50 Hz sí inú sípíkà. Ẹni tó bá sì ń fi máìkì ńlá gba ohùn tí yóò tà, kí ó ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ọ̀tọ̀. Ihò píǹkì kò ṣe é fi ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà lọ sí Otigba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tan bọ́ọ̀dù kan fún mi, pupa àti búlúù ń sáré lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe ń tàn! Tuntun nínú páálí ni."

"Àbúrò, iná yẹn ò kọrin. Bá mi pa á, kí o wá hẹ́dífóònù wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá a wá. Mo ki í bọ ihò ẹ̀yìn, mo yí fọ́lúùmù dé òpin, mi ò lu nǹkan kan. Mo sún máòsì. Mo ní kí ó ṣe kọ́pì fáìlì ńlá kan bí mo ṣe ń gbọ́ lọ. Kò sí kíríkírí, kò sí ṣììì. Lẹ́yìn náà ni mo dín fọ́lúùmù kù, mo lu ìró ìyáàlù kan tí mo gbé dání. Gbogbo wa la mọ ohun tí awọ ń sọ. Ṣaworo tó wà létí ìlù náà ni mo ń ṣọ́, àwọn agogo wẹ́wẹ́ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn tí ọ̀pá ti kúrò lórí awọ. Lórí bọ́ọ̀dù mi àtijọ́, ariwo abẹ́lẹ̀ máa ń gbé wọn mì. Lórí èyí, mo gbọ́ wọn títí ìkẹyìn wọn fi parẹ́. Mo sanwó.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀dù, ẹ fi ojú wo àlà, ẹ fi ojú wo orí kapásítọ̀ àti irin tó ń fa ooru; nígbà tí ẹ bá débi akàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí kún un.