Ọwọ́ Tí Bàbá Àjàyí Fi Kọ Ìtàn

Bódìjà n'Íbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí fi ṣe ibùgbé lọ́jọ́ ogbó wọn, kí wọ́n tó papò dà ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́ni ọdún 85. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n. Wọ́n ṣe gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978, àmọ́ ti ipò kọ́ ni mo ń sọ, bí kò ṣe ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ ìtàn.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ n'Íbàdàn ní 1958, àwọn òyìnbó kan ṣì ń sọ pé adúláwọ̀ ò ní ìtàn. Bàbá lọ tú lẹ́tà tí àwọn òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, títí kan Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ti kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìròyìn ìwàásù ni òjíṣẹ́ rò pé òun ń kọ. Ogun, ọjà, òwò ẹrú, ta ló ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, gbogbo ẹ̀ ni bàbá ṣà jáde níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fojú di ìtàn ẹnu àgbà. Ìwé wọn lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde ní 1965. Onígbàgbọ́ tọkàntọkàn ni wọ́n, síbẹ̀ wọn ò bo àléébù míṣọ́nnárì mọ́lẹ̀. Èyí gan-an ló wù mí jù.

Wọ́n tún ní ìjọba amúnisìn ò ju sáà kúkúrú lọ nínú ìtàn Áfíríkà. Àwọn kan gbé iyàn ìyẹn kò wọ́n dáadáa!