Goofy ní Pápá Gọ́ọ̀fù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti wo How to Play Golf, eré àwòrán kékeré tí Walt Disney gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1944, gbà pé òmùgọ̀ ni eré náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Goofy, ajá gíga elétí gbọọrọ tí ń wọṣọ tí ó sì ń rìn bí ènìyàn, fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù, kò mọ̀ ọ́n gbá, ẹ̀rín dé. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò ní sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ lára ọgọ́rọ̀ eré tí ẹnìkan ti ń ṣubú tí ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ẹlòmíràn ni a pè lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ẹni náà ni ohùn. Ọkùnrin kan tí a kò fojú rí ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ilé-ìwé: ohùn rẹ̀ tutù, gbólóhùn rẹ̀ gún, kò sì kánjú. Ó ń ṣàlàyé bí a ti ń dúró, bí a ti ń di ọ̀pá mú, àti bí a ti ń ju apá. Kò purọ́. Bí ó bá ṣe pé ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni ó ń kọ́ni, àwàdà náà ìbá rọrùn, ìbá sì tètè tán. Òótọ́ ni ó ń sọ, òótọ́ náà ni kò sì wọ Goofy lára. Ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbìyànjú láti gbọ́ràn gan-an ni wọ́n ti ń lọ́ mọ́ra wọn.

Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ẹnìkan lè mọ òfin gọ́ọ̀fù. Ẹlòmíràn mọ gọ́ọ̀fù gbá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tí ó gbẹ̀yìn un nì, “gbá”, ni Goofy ń wá kiri orí pápá, kò sì sí nínú gbogbo àlàyé olùkọ́ rẹ̀.

Àrà tí ó ga jùlọ nínú eré náà ni ọkùnrin onílà. Jack Kinney, olùdarí rẹ̀, mú irú àwòrán tí í máa wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, orí róbótó, apá àti ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ó sì mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ Goofy kí ó máa fi bí a ti ń ṣe é hàn án. Èyí ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kí ni kò ní jẹ́ kí ó ṣe é? Kò ní ikùn, kò ní orúnkún tí ń dùn ún, kò ní ìtìjú. Òfin ni, tí a fi ìlà yà. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá dúró pọ̀ ni ó hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí Goofy dá ni pé ó ní ara.

Kí a fi èyí wé Donald's Golf Game ti 1938, tí Jack King darí. Níbẹ̀, àwọn ọmọ arábìnrin Donald mẹ́ta ni wọ́n ń fún pẹ́pẹ́yẹ náà ní àwọn ọ̀pá ẹ̀tàn, tí wọ́n sì há ẹlẹ́ǹgà mọ́ inú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ìbínú Donald dùn ún wò. Clarence Nash tí ó fọ ohùn rẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́. Síbẹ̀ àwọn ọmọ aláìgbọràn ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ẹ mú wọn kúrò, kò sí eré mọ́. Kò sí ẹni tí a lè mú kúrò lẹ́yìn Goofy.

Àbùkù eré ti 1944 kò farasin. Òfin gọ́ọ̀fù ni pé ibi tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ni kí a ti gbá a. Bọ́ọ̀lù Goofy sì bọ́ sọ́dọ̀ akọ màlúù. Títí dé ibi tí òfin náà ti kọjú sí ìwo, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí eré di sáré-n-bá-ọ, irú èyí tí gbogbo ilé-iṣẹ́ eré àwòrán ìgbà náà mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì sí ẹni tí í gbọ́ ẹ̀kọ́ nígbà tí màlúù bá ń lé e. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi eré yìí ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀ lè pa ẹ̀rọ níbẹ̀. Ohun tí wọn yóò pàdánù kò pọ̀.