ID Cabasa, Ẹni tó Fi Àyè Sílẹ̀ fún Ọ̀rọ̀

Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Gbági, orúkọ aṣọ ló máa kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà iye tí wọ́n ń tà á. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé ta ló hun ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ orin rí. Ẹni tó kọ ọ́ la mọ̀, òun là ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹni tó jókòó sí sítúdíò, tó wá ìlù, tó to ohùn pọ̀, tó ní kí akọrin tún ibì kan kọ nítorí pé kò tíì dùn tó, òun kọ́ là ń béèrè. Pùròdúsà ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí: Olúmidé Ògúnadé, tí àwọn olólùfẹ́ orin mọ̀ sí ID Cabasa.

Àwọn kan á ní oríire ló jẹ́ kó ṣe àṣeyọrí. Àwọn mìíràn á ní àwọn akọrin tó bá ṣiṣẹ́ ló gbé e ga. Èmi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ àwọn orin náà léraléra, ohun kan ni mo rí tó yà á sọ́tọ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí ìlù rọra kí ọ̀rọ̀ lè ráyè. Nínú orin Yorùbá, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Bí ohùn bá yí padà, ìtumọ̀ yí padà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó máa ń fi fóònù ṣe bíìtì ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Lọ́jọ́ kan ó ṣe orin kan, ó ní òun ń kọrin nípa ọkọ̀ tuntun. Orin dùùrù inú bíìtì náà ń gòkè ní ibi tó yẹ kí ohùn ti wálẹ̀, ó sì ń fa ohùn rẹ̀ lọ. Ìyá kan tó wá ra áńkárá gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọkùnrin yìí, ìwọ náà ti ní ọkọ?" Ọkọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ní lọ́kàn, ọkọ ni màmá náà gbọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Bí pùròdúsà bá kó ohùn dùùrù àti gìtá jọ láìwo ojú ọ̀rọ̀, orin náà lè dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á ti kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe ráàpù ní Nàìjíríà ló ń fi ahọ́n Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi Yorùbá ṣe é, ojú ará oko làwọn kan fi ń wò ó. Lord of Ajasa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀, tó ń fi Yorùbá ṣe ráàpù láìtijú. Ẹgbẹ́ Coded Tunes tí ID Cabasa dá sílẹ̀ ní Èkó ló ti bá a ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni 9ice wà, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí. Ẹ ò rí i pé bí èèyàn bá fẹ́ ta ọjà tí gbogbo ọjà ń rà nígbà yẹn, àwọn méjì yìí kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n àwọn ló mú.

Ọdún 2008 ni àwo orin "Gongo Aso" ti 9ice jáde. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. ID Cabasa ló ṣe orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ. Àkọlé rẹ̀ nìkan ti tó láti sọ irú orin tó jẹ́, torí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni, èyí tí wọ́n máa ń sọ bí nǹkan ńlá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìlù ló gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlù yẹn ń lọ déédéé bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun òkè Mápó, kò sáré, kò sì dúró. Nítorí pé dùùrù ò fa ohùn 9ice síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó lè kọrin ní ohùn tó sún mọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Òwe tó bá pa, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá náà á jó, torí ìlù ò béèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yẹn kan náà, 9ice gba àmì-ẹ̀yẹ hip hop níbi ètò MTV Africa tí wọ́n ṣe ní Àbújá, ó sì kọrin ní London níbi ayẹyẹ àádọ́rùn-ún ọdún Nelson Mandela. Orin tó kún fún òwe Yorùbá ló gbé e débẹ̀.

Àwọn tó ń ki orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún èèyàn wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù wa, gbohùngbohùn wọn kì í sinmi. Màmá mi kì í gba orin ìwòyí. Orin Dáúdà Epo-Àkàrà tí bàbá wọn máa ń gbọ́ ni wọ́n fẹ́ràn, bí ọjà ò bá sì yá, wọ́n á ní kí n bá wọn wá Tàtàló Àlàmú lórí fóònù. Àwọn méjèèjì, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, gbogbo Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Beyerúnkà ló mọ̀ wọ́n. Ohun tí màmá mi máa ń bá orin tuntun jà lé lórí ni pé ariwo ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ki "Gongo Aso" sí i, wọn kì í ní kí n lọ bẹ àwọn aládùúgbò wa kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa kọ ọ́. Ìyẹn ń sọ̀rọ̀."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ni àríwísí tó dára jù tí mo ti gbọ́ lórí ID Cabasa. Ẹ gbọ́ orin Epo-Àkàrà dáadáa. Bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, àwọn onílù á rọra, wọ́n á jẹ́ kó sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fún ijó ní tirẹ̀. ID Cabasa lo kọ̀ǹpútà, kò lo àwọn onílù awúrebe, ṣùgbọ́n ètò kan náà ni. Ẹni tó bá ní orin ìwòyí ti já okùn tó so ó mọ́ orin àtijọ́ pátápátá kò tíì fetí sí iṣẹ́ ọkùnrin yìí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára rèé. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti kà rí, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà á san owó ìtanràn. "Fẹnákúlà" ni wọ́n ń pe èdè tí ìyá wa fi bí wa. Mo san owó náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ àríyá ìparí ọdún, orin tí wọ́n fi pe àwọn olùkọ́ jáde láti jó ni "Gongo Aso", wọ́n sì jó o tọkàntọkàn. Kò sẹ́ni tó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí ìwé òfin ilé-ìwé ò gbà, orin lè mú un wọlé láti ẹnu ọ̀nà ńlá. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé pùròdúsà tó fún èdè wa láyè ṣe ju kó fi orin pawó lọ.

Lẹ́yìn 9ice ni Olamide dé. "Ẹni Dúró" jáde ní 2010, àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, "Rapsodi", sì tẹ̀lé e ní 2011, lábẹ́ Coded Tunes kan náà. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé ọgbọ́n ID Cabasa kì í ṣe àṣìṣe. Yorùbá Olamide yàtọ̀ sí ti 9ice. Ti 9ice sún mọ́ ti àwọn àgbà, òwe àti oríkì ló kún inú rẹ̀. Ti Olamide jẹ́ ti àdúgbò Bàrígà, ó yára, ó le, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Pùròdúsà mìíràn ì bá gbé agbádá tó rán fún 9ice wọ Olamide lọ́rùn, torí agbádá náà ti mówó wọlé. ID Cabasa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ran èyí tó bá a mu fún un, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa sáré bó ṣe fẹ́, ìlù sì ń bá a sáré láìdí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n a kì í torí pé a fẹ́ràn ẹni ká má sọ òótọ́. Ibi méjì ni mo ti ní àríwísí.

Èkíní ni pé ilé tó kọ́ ò gba àwọn ọmọ tó tọ́ níbẹ̀ dúró. 9ice lọ dá ẹgbẹ́ Alápòméjì sílẹ̀. Olamide náà lọ ní 2012, ó dá YBNL sílẹ̀. Ẹ fi èyí wé ti Don Jazzy. Òun àti D'banj ló dá Mo' Hits sílẹ̀ ní 2004. Nígbà tí wọ́n pín yà ní 2012, Don Jazzy dá Mavin sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Mavin ló mú Rema àti Ayra Starr jáde, nígbà tó sì di 2024, ilé-iṣẹ́ Universal Music Group ra ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Don Jazzy kọ́ ilé tí orúkọ rẹ̀ ń tà láìka ẹni tó ń kọrin níbẹ̀ sí. Bí a bá fi owó àti ìdúróṣinṣin ṣe òṣùwọ̀n, Don Jazzy ló gba ipò kìíní. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó mọ Don Jazzy pọ̀ lọ jàra. Mo bi àwọn mẹ́wàá nípa ID Cabasa, àwọn méjì péré ló mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni pé ní àwọn ọdún ẹ̀yìn yìí, àyè tó ń fi sílẹ̀ ti ń dínkù. Ní 2019, òun, Olamide àti Wizkid jọ ṣe "Totori". Orin ijó ni, ó dùn, mo mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ohun kan tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò ní lè dáhùn. Ó tún mú "Olufunmi", orin tí Styl-Plus kọ nígbà kan, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ akọrin jọ láti tún un kọ. Ó dára kí àwọn ọmọdé mọ orin tó ṣáájú wọn. Síbẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tuntun fún etí wa, a ò fẹ́ kó máa gé aṣọ tí ẹlòmíràn ti rán.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, mi ò gbà pé àríwísí àkọ́kọ́ yẹn ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ilé náà jáde lọ. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n gbé lọ? YBNL tí Olamide dá sílẹ̀ ló mú Fireboy DML jáde, òun náà ló mú Asake jáde ní 2022. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Asake kọrin ní gbọ̀ngàn O2 ní London, níbi tí nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan èèyàn lè wọ̀, Yorùbá ló sì pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. ID Cabasa kọ́ ló ṣe orin Asake. Magicsticks ni pùròdúsà tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà Asake sílé, inú ilé ID Cabasa lòun náà ti kọ́kọ́ rí i pé a lè fi Yorùbá ṣíwájú láìbẹ ẹnikẹ́ni. Don Jazzy ní ilé, ó dára fún un. ID Cabasa ní ìrandíran.

Ọ̀rẹ́ mi tún orin ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó yọ dùùrù kúrò, ó yọ fèrè kúrò, ó ku ìlù àti ohùn baasi kan ṣoṣo. Ó ní ó dà bíi pé orin náà wà ní ìhòòhò, èmi sì sọ fún un pé kó lọ gbọ́ "Ẹni Dúró" kó tó kó nǹkan mìíràn sí i. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ń ṣe bíìtì lórí fóònù lónìí, láti Gbági dé Mọ́kọ́lá. Gbogbo ohùn tó wà láyé ló wà nínú fóònù náà, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú orin kan. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ gbọ́ ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀, kí ẹ tó wá ìlù tó máa bá a rìn.