Igbó, Irin àti Ogun: Àyẹ̀wò Fíìmù Princess Mononoke Lójú Olùkọ́ Yorùbá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni kì í ka kàtúùnù sí iṣẹ́ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi ọwọ́ kàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dárúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì, ẹ̀rín ni a ó fi dá a lóhùn, tàbí kí a ní kí ó lọ ka ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní Ìjagun àti ní gbogbo agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde ń wo kàtúùnù ilẹ̀ Jàpáànù lórí fóònù wọn, wọ́n sì ń ti inú rẹ̀ mú èrò nípa igbó, òrìṣà àti ogun wá bá wa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà wò, èyí tí Hayao Miyazaki kọ, tí ó sì darí, tí ó jáde ní Jàpáànù ní oṣù Keje ọdún 1997. Princess Mononoke ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. A ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, nítorí pé fíìmù náà bi igbó ní ìbéèrè kan tí àwa olùkọ́ àti olùdánwò kì í sábà bi ìwé Fágúnwà.

Àlàyé ìtàn náà kò ní gùn lọ́wọ́ wa. Ashitaka ni ọmọ ọba ìkẹyìn láàrin àwọn Emishi, ẹ̀yà kékeré kan tí àwọn alágbára ilẹ̀ náà ti lé wọ inú òkè. Ìmàdò ńlá kan, tí ó jẹ́ òrìṣà láàrin àwọn ẹranko, ya wèrè, ó sì kọlu abúlé wọn. Ashitaka ta á lọ́fà, ó pa á, ṣùgbọ́n ègún ẹranko náà ti lẹ̀ mọ́ ọn ní apá ọ̀tún. Nínú òkú ìmàdò náà ni wọ́n ti rí ọta irin. Ọmọkùnrin náà gé irun orí rẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀, ó sì gba ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ láti wá ibi tí ọta náà ti wá. Ìlú kan ni ó bá, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tí wọ́n ń gé igbó, tí wọ́n sì ń rọ ìbọn. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Eboshi ni olórí wọn. Nínú igbó tí ó yí ìlú náà ká, San ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ènìyàn tí òbí rẹ̀ sọ sílẹ̀ fún ìkookò, tí Moro, ìyá ìkookò, sì tọ́ dàgbà. Òun ni ó ń wọ ìlú lóru láti wá pa Eboshi. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọba ilẹ̀ náà tún ránṣẹ́ pé òun ń fẹ́ orí òrìṣà igbó, kí òun má baà kú mọ́.

Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ọ̀rọ̀ irin ni ó gba iwájú. Àwa mọ̀ pé Ògún kan náà ni ó ni àdá tí a fi ń ro oko, idà tí a fi ń jagun àti abẹ tí akọlà fi ń kọlà. A kò pín in sí méjì, kí a sọ pé Ògún rere nìyí, Ògún búburú nìyẹn. Àwọn baba wa náà yọ́ irin, èédú igi líle ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ. Igi ni wọ́n gé kí wọ́n tó rí èédú. Nítorí náà, nígbà tí a rí àwọn obìnrin ìlú Eboshi tí wọ́n ń tẹ ẹwìrì pẹ̀lú ẹsẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìsinmi, kò ṣe àjèjì sí wa. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni ìfìwàwẹ̀dá Eboshi fúnra rẹ̀. Òun ni ó ra àwọn obìnrin náà kúrò nínú oko aṣẹ́wó. Òun ni ó kó àwọn adẹ́tẹ̀ jọ, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ egbò wọn, tí ó sì fún wọn ní iṣẹ́. Ní ilẹ̀ wa, inú igbó ni a ń lé adẹ́tẹ̀ lọ láyé àtijọ́. Obìnrin yìí mú wọn wọ ìlú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fún wọn náà ni ìbọn rírọ, ìbọn náà ni ó sì ya ìmàdò ní wèrè. Ọwọ́ tí ó wẹ egbò náà ni ó yin ìbọn tí ó gé orí òrìṣà.

Ẹ̀dá-ìtàn bí èyí kò pọ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ wa àtijọ́. Fágúnwà a máa fi orúkọ sọ ìwà: bí a bá ti gbọ́ Ìmọ̀dòye tàbí Ọlọ́hùn-iyọ̀, a ti mọ ohun tí a ó bá lọ́wọ́ ẹni náà. A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu Fágúnwà, ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ́ lára láti pín ẹ̀dá-ìtàn sí ẹni rere àti ẹni búburú yóò ní ìṣòro pẹ̀lú Eboshi, ìṣòro náà yóò sì ṣe é ní àǹfààní.

Ohun kejì tí ó jọ wá lójú ni ìwà àwọn ará abúlé Ashitaka sí ìmàdò tí ó ń kú lọ. Ìyá àgbà aláṣẹ́kù ìmọ̀ wọn wá síwájú rẹ̀, ó tẹríba, ó sì ṣèlérí pé àwọn yóò sin ín, àwọn yóò sì ṣe ètùtù lójú ibẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìwà ọdẹ Yorùbá yóò rí i pé ohun tí àwọn ọdẹ wa ń ṣe fún erin àti fún ẹfọ̀n nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, ti kó oríkì ẹranko jọ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ta ni ó ń ki erin báyìí? Ẹni tí ó ń pa á ni. Oúnjẹ ni ẹranko náà, ọlá ni pẹ̀lú, ẹ̀mí rẹ̀ sì lè bá ọdẹ jà bí a kò bá tù ú. Ìdí nìyí tí àwa fi rò pé ìjálá kò yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a ń há sórí fún ìbéèrè ewì alohùn nìkan. Àdéhùn láàrin ọdẹ àti igbó ni. Nínú fíìmù yìí, àdéhùn náà ti bàjẹ́. Ẹni tí ó yin ìbọn kò ṣe ètùtù. Àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wá ń tẹríba. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jẹ gbì ni yóò kú gbì. Ashitaka kò jẹ ẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Fágúnwà. Irú ìbéèrè tí àwa fúnra wa ń ṣe lórí Ògbójú Ọdẹ kò ṣòro láti rántí. A ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àpèjúwe Àgbákò. A ó ní kí ó dárúkọ ìṣòro mẹ́rin tí àwọn ọdẹ bá pàdé lójú ọ̀nà Òkè Láńgbòdó. A ó ní kí ó sọ ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa. Nínú gbogbo rẹ̀, ibi ìdánwò ni igbó jẹ́, ọ̀tá ni àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, akọni sì ni ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ tí ó pa wọ́n tí ó padà wálé. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé kí ni àwọn ọdẹ wọ̀nyí ṣe fún igbó, tàbí ta ni ó fún wọn láyè. Àlàáfíà ìlú ni ọba ní kí wọ́n lọ wá. A kì í ní kí ọmọ ka iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tí àlàáfíà náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà ìbéèrè náà sílẹ̀. Irúnmalẹ̀ ni ó pe àwọn ará igbó náà, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe àwọn òrìṣà tí a ń bọ. Ìrànlọ́wọ́, obìnrin tí ó ran Àkàrà-ògùn lọ́wọ́, kì í ṣe ará ilé. Inú igbó ni ó ti pàdé rẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí kò túmọ̀ sí èṣù lásán. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́, “ẹ̀mí òkùnkùn” ni a ń bá pàdé. Ta ni ó kọ́ wọn? Àwa ni, ìwé náà kò kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀bú gan-an. Igbó Ọmọ, tí ìjọba amúnisìn sọ di igbó ọba ní 1925, wà ní ìlà-oòrùn wa. Erin ṣì ń bẹ nínú rẹ̀ títí di òní. Agégẹdú ń wọ ibẹ̀, àgbẹ̀ kòkó náà ń wọ ibẹ̀. Àgbẹ̀ tí erin bá jẹ oko rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ dídùn láti sọ nípa erin, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé, owó kòkó ni yóò fi san owó rẹ̀. Ohun tí Miyazaki ń sọ nìyí gẹ́lẹ́: kò sí ìkà kan ní ìhín tàbí ní ọ̀hún tí a lè pa kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ní Ìmọ̀sàn, níbi tí àwọn Agẹmọ ti ń pàdé, igbó kan ṣì dúró nítorí pé òrìṣà ni ó ni ín. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun dúró nítorí ìdí kan náà, títí àjọ UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ ogún ayé ní 2005.

Ogun náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wá bá wa ní Ìmàgbọ̀n. Nínú fíìmù náà, Okkoto, àgbà ìmàdò tí ojú rẹ̀ ti fọ́, mọ̀ pé ẹ̀tàn ni wọ́n dẹ sílẹ̀ de àwọn ènìyàn rẹ̀, ó mọ̀ pé ìbọn ń dúró, síbẹ̀ ó kó wọn lọ. Ìjẹ̀bú kì í ṣe ìmàdò o. Àwọn baba wa ní ìbọn tiwọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá wo ibi tí àwọn ìmàdò náà ti fi ẹrẹ̀ kun ara wọn ní ìmúrasílẹ̀ ogun, tí ó sì mọ ìtàn 1892, kò ní rẹ́rìn-ín.

Ní ti ìtumọ̀, iṣẹ́ wà fún wa. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1999, tí Neil Gaiman kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ wa yóò kà sí ọlọ́run kékeré fún gbogbo ẹ̀dá igbó náà. Yorùbá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òrìṣà igbó tí kò sọ̀rọ̀ rí yẹ ní irúnmalẹ̀. Àwọn kékeré funfun tí ń mi orí nínú igi, tí wọ́n ń pè ní kodama, ọ̀rọ̀ ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí olúwéré ti jẹ́ ti ìrókò. Mononoke kì í ṣe orúkọ San. Ẹ̀mí tí ń bá ènìyàn jà ni, a sì lè pe ọmọbìnrin náà ní Ọmọ-ọba Iwin kí ó má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà.

Fíìmù náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì, nígbà tí ogun baálẹ̀ Asano, ẹ̀tàn Jigo àti ogun àwọn ìmàdò bá sì pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ìtàn náà lọ́ mọ́ra. San ni ó ni orúkọ fíìmù, Ashitaka ni ó gba ọ̀rọ̀ sísọ. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti Kaya. Ọmọbìnrin yìí rú òfin abúlé rẹ̀ láti wá dágbére fún Ashitaka, ó fún un ní ọ̀bẹ rẹ̀ kí ó má baà gbàgbé òun. Ashitaka kó ọ̀bẹ náà fún San. Kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ Kaya mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí abúlé náà pé ọmọ wọn yè. Ìtàn tí ó ní kí a má gbàgbé igbó gbàgbé ilé. Akéwì Yorùbá kì bá tí jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìparí rẹ̀ lágbára. Wọ́n dá orí òrìṣà náà padà, koríko hù, ṣùgbọ́n igbó àtijọ́ náà kò padà. San sọ pé òun kò lè dárí ji ènìyàn. Ashitaka dúró sí ìlú irin, yóò máa lọ kí i.

Orí àti apá ni wọ́n ń gé nínú rẹ̀, nítorí náà kò yẹ fún kíláàsì kékeré. Fún kíláàsì àgbà tí ń ka Ògbójú Ọdẹ, a dábàá pé kí olùkọ́ fi í hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka ìwé náà tán, kí ó má jẹ́ ṣáájú. A ti gbé ìbéèrè kan fún àwọn tiwa, a sì fẹ́ kí àwọn olùdánwò yẹ ẹ́ wò: “Bí a bá ní kí Àgbákò wá jẹ́rìí níwájú ọba tí ó rán àwọn ọdẹ níṣẹ́, kí ni yóò sọ? Fi àpẹẹrẹ láti inú ìwé gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.” Máàkì ogún ni a fún un.