Àṣìkọ àti Òǹtẹ̀: Àríwísí lórí Àtúnṣe Àkọtọ́ nínú Ìwé Ìtọ́sọ́nà sha256sum

Ìfáàrà

Àríwísí lórí àkọtọ́ Yorùbá sábà máa ń dá lórí ìwé ìtàn, ewì àti ìwé ìròyìn. Agbára káká ni onímọ̀ fi ń yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà ètò kọ̀ǹpútà wò, bẹ́ẹ̀ sì ni inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kan ṣoṣo ti lè sọ òótọ́ di irọ́. Iṣẹ́ yìí yẹ àtúnṣe àṣìkọ wò nínú ìwé ìtọ́sọ́nà sha256sum. Agbègbè Mowe àti Ibafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti Ifo lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ni ó ti mú àpẹẹrẹ. Bí orúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe máa ń wà lórí pátákó ojú ọ̀nà, láìsí àmì, ni wọ́n ṣe wà níhìn-ín.

Iṣẹ́ sha256sum

sha256sum wà lára àwọn ètò GNU coreutils. Àṣẹ tí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ tẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà ni ó ń jẹ́. Tí ó bá gba fáìlì kan, yóò ka gbogbo báìtì inú rẹ̀, yóò sì fún un ní òǹtẹ̀ kan tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 64, gẹ́gẹ́ bí ìlànà SHA-256 tí àjọ NIST ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2002. Bí báìtì kan péré bá yí padà, òǹtẹ̀ tuntun kò ní jọ ti àtẹ̀yìnwá rárá. Òǹtẹ̀ yìí ni ẹni tó gba fáìlì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an ni ó dé ọwọ́ òun.

Oríṣi àṣìkọ mẹ́ta

Àṣìkọ kìíní ni ti inú àlàyé. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ó gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe.

Ìkejì ni ti inú orúkọ àti àṣẹ. --check kì í ṣe ọ̀rọ̀ òǹkàwé, ti ẹ̀rọ ni. Nínú ìlànà HTTP tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996, Referer ni wọ́n kọ dípò Referrer. Àṣìkọ náà ṣì wà títí di òní, nítorí pé òun ni àwọn ẹ̀rọ mọ̀.

Ìkẹta ni ti inú àpẹẹrẹ. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà bá fi fáìlì tí ‘Otta’ wà nínú rẹ̀ kọ́ni, tí aṣàtúnṣe sì sọ ọ́ di ‘Ọ̀tà’ gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ 1974 ti fẹ́, àkọtọ́ ti tọ́, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di irọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dán an wò yóò rò pé ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́.

Ètò aṣàtúnṣe kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí fúnra rẹ̀. Àkójọ àṣìkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni codespell ń lò; ‘ba’ àti ‘fo’ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ‘bá’ àti ‘fò’ láìsí àmì ti sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá di àṣìkọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀ràn àmì

Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni Mowe àti Ibafo wà. Láìsí àmì ni Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ orúkọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ tún un kọ nínú fáìlì yóò bá ìṣòro mìíràn pàdé. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà to ‘ẹ́’ nínú Unicode: ‘ẹ’ pẹ̀lú àmì òkè, ‘e’ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, tàbí ‘é’ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Nínú UTF-8, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ báìtì 5, ẹ̀kẹta jẹ́ 4. Ojú ènìyàn rí lẹ́tà kan; sha256sum rí mẹ́ta, ó sì fún wọn ní òǹtẹ̀ mẹ́ta.

Ó rọrùn láti torí èyí sọ pé kí àmì kúkú kúrò. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà Yorùbá, ‘igba fáìlì’ jẹ́ 200, ‘ìgbà’ sì ń tọ́ka sí àkókò. Bí àmì bá kúrò, àṣẹ ti dàrú mọ́ òǹkàwé lójú. Ojútùú wà nínú Unicode fúnra rẹ̀: ìlànà NFC máa ń sọ ìtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Kí òǹkọ̀wé yí gbogbo fáìlì àpẹẹrẹ sí NFC kí ó tó gba òǹtẹ̀ wọn, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé.

Àgbálọgbábọ̀

Ìka tó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Àkọtọ́ ni ó yẹ àlàyé. Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ ni ó yẹ àṣẹ. Òǹtẹ̀ tuntun ni ó yẹ àpẹẹrẹ tó bá ti gba àtúnṣe. Aṣàtúnṣe tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó fẹ́ tún ṣe jẹ́. Èyí tó bá sì sá fún àmì nítorí ìnira ti gbà pé kí ẹ̀rọ máa pinnu bí orúkọ ìlú yóò ṣe rí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ìlú ló ń jẹ́ orúkọ náà.