Gígé Ọ̀nà Ọ̀fun Kúrò Lára Agbẹ̀du: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Adrian Bianchi

Ní 1997 ni Adrian Bianchi, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé ní ìlú Manchester, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of Pediatric Surgery. Ó rọra pe iṣẹ́ náà ní “ọ̀nà mìíràn”, bí ẹni pé àbá lásán ni. Àbá náà le o: kí a gé ọ̀nà ọ̀fun kúrò lára agbẹ̀du pátápátá, kí oúnjẹ àti asídì inú rẹ̀ má lè padà gòkè mọ́.

Láti ìgbà tí oníṣẹ́ abẹ Rudolf Nissen ti kọ̀wé nípa ìlànà tirẹ̀ ní 1956, èjìká agbẹ̀du ni wọ́n máa ń fi wé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni wé gèlè. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n lára ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa, tó ń tiraka láti bì lójoojúmọ́, ohun tí wọ́n wé sábà máa ń tú, oúnjẹ a sì tún máa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Bianchi ní lọ́kàn. Ó so ọ̀nà ọ̀fun mọ́ ìfun kékeré ní ìlànà tí oníṣẹ́ abẹ César Roux fi sílẹ̀, ó fi agbẹ̀du sáyè rẹ̀, ó sì dá ihò sí ikùn kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ bọ́ ọmọ. Ohun tí a kò wé kò lè tú. Ìrònú náà gún, mo gbà fún un. Àmọ́ ohun tí a gé kò rọrùn láti dá padà, ojú ibi tí wọ́n rán lè jò, ìfun sì lè dí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi ń fi ìlànà Bianchi pamọ́ di ìgbà tí ìlànà Nissen bá kùnà.

Ìgbà tí wọ́n gbé àbá náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ díẹ̀ tí agbẹ̀du wọn kò dàgbà nínú oyún ni ọ̀rọ̀ di méjì. Agbẹ̀du irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín, kò ní èjìká tí ẹnikẹ́ni lè fi wé nǹkan. Ọ̀nà ọ̀fun gan-an ló fẹ̀, tó ń bá a gba oúnjẹ dúró. Níbí, àbá Bianchi lágbára ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìdajì ìbéèrè ló dáhùn. Ó dí ọ̀nà ìpadàbọ̀, kò fún ọmọ ní ibi tí oúnjẹ yóò dúró sí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé nínú wọn, ẹnu ló fẹ́ fi jẹun. Àpò Hunt àti Lawrence, tí wọ́n ń fi apá ìfun méjì tí wọ́n rán pọ̀ ṣe, ló bójú tó ìyẹn; ní 1980 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa lílò ó fún irú ọmọ yìí.

Lójú tèmi, bí ọmọ bá ń dàgbà pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ tí rọ́bà ń gbé lọ sínú ìfun, kí wọ́n ṣe sùúrù. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ń bàjẹ́, kí wọ́n gé ọ̀nà ọ̀fun kúrò lára agbẹ̀du, kí wọ́n sì ṣe àpò mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tí àpilẹ̀kọ náà kò lè kọ́ wa. Agbẹ̀du tí Bianchi fi sáyè rẹ̀ pé, omi tó ń mú kí ara gba fítámìn B12 ṣì ń jáde nínú rẹ̀. Agbẹ̀du tí kò dàgbà lè má pèsè rẹ̀ tó, nítorí náà dókítà tó bá tẹ̀ lé Bianchi níbí ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ojú abẹ bá ti jinná.