Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Yàtọ̀ sí Ọ̀rọ̀ Gígé

Ẹni tó bá wọ dánfó ní Ìkọ̀tún tó ń lọ sí Ìjẹ̀gùn, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní." Kọ̀ńdọ́ ń fi òwe gba owó, èrò ń fi òwe bèèrè ṣéńjì, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ń fi ẹsẹ Bíbélì là wọ́n níjà. Kò burú. Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu wa bí a kò bá fi ti ẹlòmíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun àyálò ni ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó yá agbádá lò kò gbọdọ̀ gé e ní apá.

A ti ní orúkọ fún àwọn tó ń lo ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ wúruwùru. Oní-wọ́n-ní-wọ́n-ní kò mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í pé ta ló sọ ọ́, á ní gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Ẹni tó ń fi iyọ̀ àti ata sí i gbọ́ ẹyọ kan, ó sọ mẹ́ta. Ẹni tó ń yin gírámà kò bìkítà bóyá ọ̀rọ̀ Shakespeare bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ mu, kó ṣáà ti dún. Ẹni tó kíráàmù ń kà á bí omi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó túmọ̀ rẹ̀, ó di odi. Gbogbo wọn ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo fẹ́ bá wí ni ẹni tó mọ odidi ọ̀rọ̀, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ gé e.

Ẹnì kan lè ní: ṣebí Yorùbá náà ló ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá àgbà kan á wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń ta ko àgbàlagbà, á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà…", á dákẹ́. Ọmọ náà mọ̀ pé àkísà ló kù. Ìyá kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ó bu iyì fún un pé ó lóye ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gígé ni èyí tí ẹni tó gé e ń bẹ̀rù pé kí ẹ má lọ mọ ìyókù.

Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: "Ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn ṣiṣẹ́ kó tó jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ dé ọ́fíìsì kan, akọ̀wé tó ti gbé fáìlì yín pa mọ́ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á pa òwe yìí fún yín, á sì na ọwọ́. Iṣẹ́ ti jáde kúrò nínú òwe, jíjẹ nìkan ló kù. Bákan náà ni "àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ẹrù ni òwe yìí dì lé àgbà lórí: kó tún orí ọmọ ṣe. Lónìí, ẹni tó bá ti hu ewú ń fi pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ ní ìpàdé àdúgbò.

Nígbà mìíràn, òwe á pé, ẹni tí a pa á fún ni kò ní í bá a mu. Ní ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, katakata tó ń ṣe ọ̀nà bẹ́ páìpù epo ní Ìjẹ̀gùn. Iná sọ, ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò. Ta ni yóò dúró síwájú ayálégbé tí ẹrù rẹ̀ jó lọ́jọ́ náà, tí yóò ní "ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i"? Ọba ní ará ìlú tí yóò bá a kọ́ òmíràn. Ayálégbé ní ta ni?

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò yọ. Ní 1947, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ *Path to Nigerian Freedom* jáde. Ó jiyàn níbẹ̀ pé Nàìjíríà kò tíì di orílẹ̀-èdè, orúkọ orí máàpù lásán ni. Metternich ará Ọ́stríà ti sọ irú rẹ̀ nípa Ítálì ní 1847, ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Àwọn tó fẹ́ kí Nàìjíríà túká ń fi ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń fi ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ibì kan náà ni tọ̀tún-tòsì wọn ti pa ìwé dé. Ohun tí ìwé náà ń bèèrè ni ìjọba àpapọ̀ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò ti máa ṣàkóso ọ̀ràn ilé ara rẹ̀. Ẹ wo ohun tí àwa ọmọ Nàìjíríà ti fi gbólóhùn kan bá ara wa jà!

Àwọn baba wa mọ ewu yìí. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó pa òwe níwájú àgbà fi gbọ́dọ̀ ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Ó ń jẹ́wọ́ pé òun kọ́ lòun ni ín. I. O. Délànò náà, nígbà tó tẹ *Òwe Lẹ́ṣin Ọ̀rọ̀* jáde ní 1966, kò kàn to òwe jọ bí iṣu. Ó sọ ìtumọ̀ àti ìlò wọn. Tiwa òde òní ńkọ́? A ó gbé ọ̀rọ̀ kan sórí WhatsApp, a ó lẹ orúkọ Wọlé Ṣóyínká mọ́ ọn, a ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Bí mo ṣe gbà á ni mo fi ránṣẹ́." Ṣóyínká ti jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri lórúkọ òun. Tótó ń wólẹ̀ fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí-mo-ṣe-gbà-á ń sá fún ẹ̀bi.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún ní "àwọn àgbà bọ̀" fún yín, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ta ló sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló sì kù níbẹ̀? Ẹni tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ gígé kiri á bínú. Ẹni tó bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa bá òwe rẹ̀ lọ. A ó dá a lóhùn pé, wàá rí òmíràn pa.